Òòyì tí kò lọ bọ̀rọ̀

Bí ẹ bá dìde lórí ẹní, ṣé ilé máa ń yí mọ́ yín lójú? Bó bá ti pẹ́ tó ti ń ṣe yín, ẹ má gun ọ̀pẹ mọ́. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rù pé wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ wa tán. Láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, ẹ̀kán kan láti orí ìka lè tó. Bí wọ́n bá fà á lápá, kì í sábà ju ṣíbí kékeré kan tàbí méjì lọ. Nǹkan oṣù obìnrin pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò tilẹ̀ ní abẹ́rẹ́ nínú: aṣọ ni wọ́n ń wé mọ́ apá, yóò fún un díẹ̀, yóò sì tú.

Nígbà mìíràn, inú etí ni òòyì ti ń wá. Ohun kéékèèké bí iyanrìn wà níbẹ̀; bí wọ́n bá kúrò ní ààyè wọn, òòyì á máa kọ́ni bí a bá ti yí orí. Dókítà etí yóò ní kí ẹ dùbúlẹ̀, yóò sì yí orí yín. Òòyì náà yóò kọ́ yín fún ìgbà díẹ̀. Irú yíyí orí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń dá iyanrìn náà padà, láìlo oògùn.

Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá wọ́, tàbí tí apá rọ lójijì, ẹ má dúró di ọ̀la.