"Ọjọ́ Mélòó La Máa Lò?": Ohun Tó Ń Mú Kí Aláìsàn Pẹ́ ní Ọsibítù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn



Bí dókítà bá sọ fún ìdílé kan ní Àlímọ̀ṣọ́ wa níbí pé èèyàn wọn nílò iṣẹ́ abẹ ọkàn, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni "Ṣé á yè é?" Èkejì ni "Ọjọ́ mélòó la máa lò?" Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ti aláìnísùúrù o. Ẹni tó ń tajà ní ọjà Ìkọ̀tún mọ̀ pé ọjọ́ tóun ò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, owó ò wọlé. Ẹni tó máa sùn ti aláìsàn gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa mú ọmọ lọ síléèwé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Owó tí wọ́n kó jọ fún ọjọ́ 7 ò lè tó fún ọjọ́ 30. Èmi kì í ṣe dókítà oníṣègùn, iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi kọ́ni. Àmọ́ ìṣirò wà nínú ìdáhùn ìbéèrè yìí, torí náà ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìpíndọ́gba lè tanni jẹ

Ẹ wo ìrìn àjò láti Ìgandò sí Ìkẹjà. Bó ti wù kí ọ̀nà dá tó, iye ìṣẹ́jú kan wà tí ọkọ̀ ò lè dín sí. Àmọ́ bí òjò bá rọ̀, tí tírélà tún dákú lójú ọ̀nà, ta ló mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa débẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọsibítù rí. Kò sẹ́ni tí wọ́n á ṣí àyà rẹ̀ lónìí táá relé lọ́la, àmọ́ ẹnì kan lè lo oṣù kan tàbí méjì.

Ká sọ pé èèyàn 10 ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn 9 lo ọjọ́ méje-méje, ẹnì kan lo ọjọ́ 47. Bẹ́ ẹ bá ṣírò ìpíndọ́gba wọn, ọjọ́ 11 ló máa jáde. Ta ló wá lo ọjọ́ 11 nínú wọn? Kò sí! Ẹni tó bá fi 11 ṣètò owó ti kó ju ohun tí àwọn 9 nílò, kò sì tíì kó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹnì kẹwàá máa ná.

Ìdí nìyẹn tí àwọn olùṣèwádìí fi yí ìbéèrè náà padà. Wọ́n ń bèèrè pé, "Ta ló ṣeé ṣe kó pẹ́?" Ní Amẹ́ríkà, Society of Thoracic Surgeons, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àyà, fi ààlà sí ọjọ́ 14: ẹni tó bá lò ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kà sí ẹni tó pẹ́. Ìṣirò wọn máa sọ fún dókítà pé nínú 100 èèyàn tí ara wọn rí bíi ti aláìsàn yìí, iye báyìí ló ṣeé ṣe kó kọjá ọjọ́ 14. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì. Bí wọ́n bá ní 20 nínú 100, ìyẹn ò sọ bóyá èèyàn yín wà lára àwọn 20 tàbí àwọn 80. Ó kàn sọ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ múra tó ni.

Ibi tí àmì ti ń yọ

Àmì àkọ́kọ́ ti máa ń wà lára kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, àti àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá ti bà jẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ tó ti ṣeni rí, iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ti ṣe fúnni rí, àti bó bá jẹ́ pé pàjáwìrì ni wọ́n gbé e dé. Kíndìnrín wà lára àwọn tó ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, omi máa ń pọ̀ lára, kíndìnrín ló sì máa gbé e jáde. Bí kíndìnrín ò bá lágbára, omi á ṣẹ́kù sínú ẹ̀dọ̀fóró, mímí á nira, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí ò ní tètè kúrò, ọjọ́ á sì máa gorí ọjọ́. Ẹ rí i pé ohun kan ló ń fa òmíràn.

Àmì kejì ń wá látinú yàrá iṣẹ́ abẹ. Láti ọdún 1953, nígbà tí John Gibbon lo ẹ̀rọ kan ní Philadelphia láti ṣiṣẹ́ dípò ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ni àwọn dókítà ti lè dá ọkàn dúró kí wọ́n sì tún un ṣe. Àmọ́ ara mọ̀ pé inú rọ́bà ni ẹ̀jẹ̀ òun ń gbà kọjá, ó sì máa ń bá a jà. Bí àkókò tí èèyàn lò lórí ẹ̀rọ náà bá ṣe gùn tó ni wàhálà tó máa kù lára rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

Àmì kẹta ń yọ lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí aláìsàn bá kọjá wákàtí 24 lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí, ó ṣeé ṣe kó pẹ́. Nínú ìwádìí káàkiri ayé, ọkàn nǹkan bí èèyàn 2 sí 4 nínú 10 máa ń lù ségesège fúngbà díẹ̀, ìyẹn sì lè fi ọjọ́ mélòó kan kún un. Tí kòkòrò bá wọ egungun àárín àyà tí wọ́n là, ọ̀sẹ̀ lèèyàn á máa kà, kì í ṣe ọjọ́ mọ́.

Òṣùwọ̀n àwọn ẹlòmíràn

Ibi tó kan àwa gan-an rèé. Òṣùwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù ní Yúróòpù ni EuroSCORE. Ọdún 1999 ni wọ́n gbé e jáde, látinú ìwé aláìsàn tó lé ní 19,000 ní ọsibítù 128 ní orílẹ̀-èdè 8. Wọ́n ṣe é láti fi mọ ẹni tí ikú lè pa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn kan wá ń fi wo ẹni tó lè pẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn dí, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn sì lé ní 60.

Àwọn wo ló sábà ń nílò iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ tiwa? Ọmọdé tí wọ́n bí ihò mọ́ nínú ọkàn wà níbẹ̀, àti ọ̀dọ́ tí rheumatic heart disease ti ba fáàfù ọkàn rẹ̀ jẹ́, àìsàn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dun ọmọ tí wọn ò tọ́jú dáadáa. Ọmọ ọdún 22 ni, òṣùwọ̀n á ní "ọ̀dọ́ ni, kò séwu." Àmọ́ ó ti pẹ́ nílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, owó ni wọ́n ṣì ń wá. Òṣùwọ̀n yẹn ò mọ ìyẹn. Tí wọ́n bá fi fáàfù onírin sí i, ó gbọ́dọ̀ máa lo warfarin, wọ́n sì lè dá a dúró títí oògùn náà á fi wà níwọ̀n tó yẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ yìí ṣàjèjì sí wa o. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ṣe é ní Enugu, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó kù ni pé ká kó ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọsibítù wa jọ, ká fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n tiwa.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà kékeré

Ẹni tó kú lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 2 ni ìwé máa kọ fún un. Ẹni tówó tán lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa lọ, ọjọ́ rẹ̀ á kéré náà. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá àmọ́ tí wọn ò jẹ́ kó lọ torí gbèsè, ọjọ́ rẹ̀ á pọ̀ láìjẹ́ pé ọkàn ló dá a dúró. Bẹ́ ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀, irọ́ ni nọ́ńbà náà máa pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di dókítà àti nọ́ọ̀sì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ déètì méjì sílẹ̀: ọjọ́ tí dókítà ní kí aláìsàn máa lọ, àti ọjọ́ tó lọ lóòótọ́. Ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì, tiwa ni, kì í ṣe ti àìsàn.

Kí la wá lè ṣe?

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Tí kì í bá ṣe pàjáwìrì, àwọn àmì kan wà tá a lè tún ṣe ṣáájú: kí ṣúgà wálẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó, kí sìgá dópin ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n tọ́jú eyín tó ti jẹrà torí kòkòrò ibẹ̀ lè dé ọkàn. Bẹ́ ẹ bá gba lẹ́tà ní ọsibítù ìjọba Ìgandò láti lọ rí dókítà ọkàn ní LASUTH tàbí LUTH, ẹ má ṣe bèèrè "Ọjọ́ mélòó?" nìkan. Ẹ bèèrè pé: Kí ló wà lára rẹ̀ tó lè mú kó pẹ́? Èwo la lè tún ṣe kí ọjọ́ tó pé? Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, èló la máa san lójúmọ́? Kí ni Ìlera Èkó tàbí NHIA máa san, kí sì ni wọn ò ní san?

Ìdílé tó bá rí ìdáhùn mẹ́rin yìí kọ sínú ìwé lè má mọ iye ọjọ́ náà gan-an. Àmọ́ bí ọjọ́ 14 bá kọjá, ọjọ́ 15 ò ní bá wọn lójijì.