Bí Owó Ṣe Ń Wọlé Nínú Path of Exile

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú Path of Exile á wá owó títí, kò ní rí i. Ó pa iwin kan, nǹkan já bọ́, ó ṣà á. Ó pa òmíràn, ó tún ṣà. Kó tó pẹ́, róbótó kéékèèké oríṣiríṣi ti kún àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan láàárín wọn. Àwọn róbótó yẹn gan-an lowó. Ilé iṣẹ́ Grinding Gear Games ní orílẹ̀-èdè New Zealand ló ṣe géèmù yìí, ọdún 2013 ló jáde, wọn ò sì fẹ́ kí owó inú rẹ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn kàn ń kà lásán. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ohun tí èèyàn ń lò. (Path of Exile 2, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 fún àwọn tó fẹ́ tètè dán an wò, ní òfin tirẹ̀. Ti àkọ́kọ́ là ń sọ níbí.)

Orb ni wọ́n ń pe àwọn róbótó náà, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí o bá lo Chaos Orb lórí ohun ìjà tó jẹ́ rare, ìyẹn àwọn tí orúkọ wọn ń jáde ní àwọ̀ yẹ́lò, gbogbo àbùdá tó wà lára rẹ̀ á pa rẹ́, òmíràn á sì bọ́ sípò wọn, bó ṣe wu orí. Exalted Orb kì í pa nǹkan kan rẹ́, àbùdá tuntun ló máa ń fi kún un. Divine Orb ní tirẹ̀ á fi àbùdá sílẹ̀ bó ṣe wà, iye tó wà lára wọn nìkan ni yóò tún yàn. Mirror of Kalandra sì ń ṣe ẹ̀dà ohun èlò kan gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbá géèmù yìí fún ọdún gbọọrọ láìrí ọ̀kan kó já bọ́ níwájú wọn rí. Èyí tí o bá lò nínú wọn ti lọ nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni àwọn tó ń ṣe ohun ìjà ń jó Orb lọ rẹpẹtẹ, àwọn tó ń pa iwin sì ń kó òmíràn wá. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni iye owó ti ń wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 fi èyí hàn kedere. Kó tó di ìgbà náà, Exalted Orb ni owó ńlá tí wọ́n fi ń díye lé ọjà olówó gọbọi, nítorí òun ni àwọn tó ń ṣe ohun ìjà ńlá nílò jù. Ilé iṣẹ́ náà wá ní Divine ni kí wọ́n máa fi san owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Exalted mọ́. Kò sí ẹni tó pàṣẹ iye kankan o. Ṣùgbọ́n Divine gbéra, Exalted wálẹ̀, àwọn tó ti kó Exalted pamọ́ bí ọrọ̀ sì fọwọ́ lẹ́rán. Nítorí náà, kí o tó yan ọ̀nà tí o fẹ́ máa gbà pawó, bi ara rẹ léèrè: nǹkan tí mo fẹ́ kó jọ yìí, ta ni yóò rà á, kí ló sì fẹ́ fi ṣe?

Ìdáhùn máa ń yí padà pẹ̀lú ọjọ́ orí líìgì. Bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni líìgì tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọrọ̀ àtijọ́ á wà ní Standard, ìyẹn líìgì tí kì í parí, kò lè bá wọn wọ inú tuntun. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ní ìhámọ́ra gidi. Bàtà lásán tó fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí, tó sì ń dín iná àti òtútù kù, á rí oníbàárà kíá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni tó máa wo irú bàtà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Divine náà, Chaos díẹ̀ ni wọ́n máa ń tà á níbẹ̀rẹ̀, á sì máa gòkè bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ẹni tó bá tètè rówó, tó sì sọ ọ́ di Divine, kò ní láti ṣiṣẹ́ kankan kí owó rẹ̀ tó pọ̀ sí i.

Ìṣirò wákàtí wá ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Lẹ́yìn tí ìtàn géèmù bá parí, inú máàpù ni iṣẹ́ kù sí: o ra máàpù tàbí o rí i he, o ṣí i, o pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, o jáde. Ká ní ọ̀nà kan ń mú Chaos 20 wá nínú máàpù kọ̀ọ̀kan, tí o sì ń parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5. Máàpù 12 ni wákàtí kan gbà, Chaos 240 nìyẹn. Ọ̀nà kejì ń mú 35 wá, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 10 ló ń gbà, o sì ní láti fi scarab, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n ń rà sínú máàpù, tí owó rẹ̀ tó Chaos 8 sí i kí o tó wọlé. 35 dùn-ún gbọ́ létí ju 20 lọ. Àmọ́ máàpù 6 péré ni wákàtí gbà: 210, yọ 48 kúrò, ó ku 162. Ọ̀nà tó dà bíi pé ó kéré ló borí.

Ẹ jẹ́ ká tún fi nǹkan kan kún un. Ká ní lẹ́yìn máàpù kọ̀ọ̀kan, o ń dúró nídìí àpótí rẹ fún ìṣẹ́jú 2, ò ń to nǹkan, ò ń wo èyí tó níye lórí. Ìṣẹ́jú 5 ti di 7. Máàpù tí wákàtí gbà kò pé 9 mọ́, 240 sì ti já wá sí nǹkan bíi 170. Chaos 70 ti bá àpótí lọ, láìsí iwin kankan tó fọwọ́ kàn ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà inú géèmù fi ń lo fílítà, ìyẹn fáìlì kékeré kan tó ń pa orúkọ àwọn ẹrù tí kò wúlò mọ́ kúrò lójú rẹ kí o má baà rí wọn rárá. Ti NeverSink ló gbajúmọ̀ jù. Bí líìgì bá ṣe ń dàgbà, wọ́n á máa mú kó túbọ̀ le, títí tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa hàn nínú máàpù odindi. Ọgbọ́n àtijọ́ kan náà wà: fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí o bá kó odindi ìhámọ́ra rare fún oníṣòwò inú géèmù, láti fìlà dé bàtà, òrùka méjèèjì àti ohun ìjà, tí ipele gbogbo wọn wà láàárín 60 sí 74, tí o kò sì tíì tú wọn wò, Chaos 2 ni ó máa ń fún ọ. Ó dára fún ọjọ́ kìíní tí ọwọ́ ṣófo. Lẹ́yìn ìyẹn, àkókò tí wọ́n fi ń to bẹ́líìtì mọ́ fìlà ti pọ̀ ju Chaos 2 lọ.

Ikú náà ń jẹ owó. Ẹnu ọ̀nà 6 ni máàpù kan ní, bí o bá kú, ọ̀kan lọ, ìdá mẹ́wàá ìrírí tí o nílò láti gun ipele tó kàn á sì bá a lọ. Ẹni tó ń pa iwin wéréwéré àmọ́ tí òun náà ń kú wéréwéré kò yá ju ẹni tó ń rọra rìn. Òkú kì í pawó.

Fún ẹni tí ojú owó rẹ̀ kéré, mo máa ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Essence. Láti ọdún 2016 ló ti wà nínú géèmù. Wàá rí iwin kan tó dì sínú kírísítálì láàárín máàpù, orúkọ àwọn Essence tó wà lára rẹ̀ á sì hàn lókè orí rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀: o ti mọ owó tó wà níbẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ohun tó wà lára rẹ̀ kò bá dára, kọjá lọ. Bó bá dára, tí o sì ní Remnant of Corruption lọ́wọ́, lò ó sára iwin náà: ó lè gbé Essence náà ga, ó lè fi òmíràn kún un, ó lè sọ ọ́ di irú tó ṣọ̀wọ́n, ó sì lè kàn tú iwin náà sílẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni o tó dá a sílẹ̀ kí o sì pa á. Mẹ́ta ipele kan ń di ọ̀kan ipele tó kàn lọ́dọ̀ oníṣòwò, títí dé Deafening, ìyẹn ipele tó ga jù. Iṣẹ́ Essence ni pé ó ń fi àbùdá kan tó dájú sára ohun tí o bá lò ó lé, kò fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún orí. Greed ń fi ẹ̀mí sára ìhámọ́ra, Contempt ń fi agbára kún ohun ìjà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí gbogbo ayé ń wá ìhámọ́ra, o kì í wá oníbàárà. Àwọn ni wọ́n ń wá ọ. Ṣùgbọ́n iye wọn kò dọ́gba: Deafening kan lè tó ìlọ́po mélòó kan Deafening mìíràn, nítorí náà, wo iye kí o tó tà wọ́n papọ̀.

Ìdí igi Atlas ni iṣẹ́ Essence yìí ti máa ń rọrùn tàbí kó nira. Igi yìí jẹ́ àtòjọ agbára tí ò ń fi pọ́ínǹtì rà bí o ṣe ń parí máàpù tuntun, òun ló sì ń pinnu ohun tí yóò máa yọ sí ọ. Ẹni tó fẹ́ Essence á kó gbogbo pọ́ínǹtì Essence, á tún ra àwọn tó ń dí ọ̀nà mọ́ ohun tí kò fẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn mú díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo nǹkan á máa yọ sí i, kò ní sí èyí tó máa pọ̀.

Èmi o, Tujen ló dùn mọ́ mi jù. Ó wà lára àwọn oníṣòwò tó dé pẹ̀lú Expedition ní oṣù Keje ọdún 2021. Nínú Expedition, ìwọ fúnra rẹ lo máa ri àdó olóró mọ́lẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, wàá bú u gbàù, àwọn òkú ará Kalguur á sì jáde wá. Òkúta ìrántí wà káàkiri ibẹ̀ tí àkọlé wà lára wọn. Àwọn kan ń fi ẹrù kún ẹrù, wọ́n sì ń fi ewu kún un. Ka àkọlé yẹn dáadáa: òmíràn wà tó ń sọ pé iná kò ní ran àwọn iwin náà mọ́, bó bá sì jẹ́ iná ni ìwọ fi ń jà, o ti ri ikú ara rẹ mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn òkú yìí bá jù sílẹ̀ ni Tujen ń gbà lọ́wọ́ rẹ, òun náà á sì ta Orb fún ọ.

Tujen kì í ta ọjà láìnáà. Bó bá ní 400 ni òun máa gba lórí Divine kan, má san 400. Fi 250 lọ̀ ọ́. Ó lè bínú díẹ̀, kó dá a padà sí 330. Fi 290 sí i. Ó lè gbà, ó sì lè ní òun kò tà mọ́, bí o bá ń já a wálẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ rà. Ẹni tó bá ti bá àwọn ìyá aláṣọ ná ọjà rí ní Bàlógùn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: o kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ owó ẹ̀gàn, o kò sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé o ti fẹ́ ẹ jù. Bí Exotic Coinage bá wà lọ́wọ́ rẹ, wàá fi yí ọjà tó pàtẹ padà, ìnájà á tún bẹ̀rẹ̀. Má ra ohun gbogbo tó kó jáde o. Àwọn tó ń jèrè lọ́dọ̀ rẹ̀ ń kó ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń tà kíákíá, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀.

Títà ló kù. Tẹ́lẹ̀, o ní láti pe ẹni tó ń tà, lọ sí ilé rẹ̀ nínú géèmù, kí ẹ wá pàṣípààrọ̀. Ìṣẹ́jú kan sí méjì lórí ọjà Chaos 3! Ìdí nìyẹn tí ọjà tí wọ́n tà lápapọ̀ fi máa ń wọ́n ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n má baà rìn. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni Faustus, oníṣòwò kan nínú géèmù, dé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wàá ti kọ iye tí o fẹ́, wàá padà sínú máàpù rẹ, ọjà náà á sì tà nígbà tí o bá ń pa iwin lọ. Góòlù ni ó ń gbà fún iṣẹ́ yìí. Góòlù kò ṣeé tà, kò ṣeé fún ẹlòmíràn. Àfi kí o pa iwin kí o tó rí i. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn tó kàn ń jókòó rà, tí wọ́n ń tún un tà, gba gbogbo ọjà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Àwọn Orb, Essence àti scarab ń lọ sọ́dọ̀ Faustus, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ dé, ìhámọ́ra àti ohun ìjà kì í lọ síbẹ̀.

Lórí ìhámọ́ra, ṣọ́ra fún iye tí o bá rí. Ojúlé poe.ninja ń fi iye Orb hàn, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ iye tó rẹlẹ̀ púpọ̀ sára ọjà wọn nídìí ìtajà, tí wọn kò sì ní dá ọ lóhùn bí o bá pè wọ́n. Wọ́n kò fẹ́ tà. Wọ́n fẹ́ kí ìwọ rí iye yẹn, kí o ta tìrẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n rà á. Fo àwọn mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, wo ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sí. Bí o bá gbé ọjà jáde tí ènìyàn mẹ́wàá pè ọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, o ti tà á lọ́pọ̀; fa iye sókè kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ẹlòmíràn á ní kí òun kàn fi owó gidi ra Orb lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níta. Òfin géèmù kò gbà á, wọ́n sì ń ti àkáǹtì pa nítorí rẹ̀. Ìyẹn kò gba àlàyé púpọ̀.

Èyí tó gba àlàyé ni ìgbà tó yẹ kí o fi ọ̀nà kan sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó ń dára títí. Ẹnì kan á ṣe fídíò nípa rẹ̀ lórí YouTube, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á tẹ̀lé e, ọjà tí wọ́n ń kó wá á pọ̀ ju àwọn tó ń lò ó lọ, iye á sì já. Ohun tí wọ́n ń rà kí wọ́n tó wọ máàpù, ìyẹn scarab, á wọ́n lọ́wọ́ kan náà. Torí náà, ṣe ìṣirò wákàtí rẹ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú iye ti òní, kì í ṣe iye tí ẹni inú fídíò sọ. Bí èrè bá ti já sí ìdajì, wo ohun tí àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún yẹn pa tì nígbà tí wọ́n sáré lọ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí iye Essence ti tún gbéra.