Sáfà Tòkunbọ̀ àti Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì: Èsì Sí Ìyá Kan ní Àjùwọ̀n

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí wọ́n ń gbé ní Àjùwọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀. Opó ni wọ́n. Ọmọkùnrin wọn, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ń kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti fi ọdún méjì dá èésú kí wọ́n lè ra ẹ̀rọ kan fún un. Nígbà tí wọ́n dé ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, oníṣòwò kan fi ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan hàn wọ́n, ó gbórín bí àpótí aṣọ. Ó ní ọpọlọ méjì ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ń lò, Xeon ni orúkọ rẹ̀. Iye kan náà ni ó pè é pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ń fẹ́ ńlá, ọkàn ìyá kò sì balẹ̀. Wọ́n ní kí a dá sí i, nítorí kò sí owó mìíràn lẹ́yìn èyí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò kánjú fèsì. A wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà, ohun tí a sì rí ni pé oníṣòwò náà kò purọ́. Ọpọlọ sáfà ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà ní tòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ṣe sáfà kì í ṣe irú èyí tí ọmọ náà fẹ́ ṣe.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní prósẹ́sọ̀, ni ègé pẹlẹbẹ tí ń ṣe gbogbo ìṣirò tí a bá rán ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni èyí tí ẹnì kan jókòó tì. Sáfà ni èyí tí ó wà ní ibi kan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ránṣẹ́ sí láti ọ̀nà jíjìn ní àkókò kan náà. Òun ni ń dá wa lóhùn nígbà tí a bá fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sí ilé.

Kí ìyàtọ̀ wọn lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ìyá méjì. Ní ọdún 2022 ilé-iṣẹ́ AMD ti Amẹ́ríkà gbé Ryzen 9 7950X jáde fún orí tábìlì, àti EPYC 9654 fún sáfà. Irú ègé kan náà ni a fi kọ́ àwọn méjèèjì, Taiwan ni a sì ti ṣe é. Ègé kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ nínú, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní core. Ègé méjì ni ó wà nínú ti orí tábìlì, èyí ni òṣìṣẹ́ 16. Ègé 12 ni ó wà nínú ti sáfà, èyí ni òṣìṣẹ́ 96. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé sáfà yá ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ inú ti orí tábìlì lè sáré dé 5.7 GHz, èyí ni pé ó ń gbé ẹsẹ̀ ní ìgbà bílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀ ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti sáfà kò kọjá 3.7. Ooru ni ó fà á. Bí òṣìṣẹ́ 96 bá ń sáré tete nínú iyàrá kan ṣoṣo, kò sí ẹni tí yóò lè dúró níbẹ̀, nítorí náà a dẹ ẹsẹ̀ wọn. Síbẹ̀síbẹ̀ wáàtì 360 ni ti sáfà ń jẹ, nígbà tí ti orí tábìlì ń jẹ 170. Nígbà tí wọ́n jáde, dọ́là 699 ni iye èyí, dọ́là 11,805 sì ni iye ọ̀hún.

Àwa tí a ń ka Ìwé Mímọ́ mọ ìtàn Mósè àti Jẹ́tírò àna rẹ̀. Mósè nìkan ń dá ẹjọ́ láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, gbogbo ènìyàn sì dúró yí i ká. Jẹ́tírò kò ní kí ó máa yára sọ̀rọ̀. Ó ní kí ó yan olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta àti olórí mẹ́wàá. Ọgbọ́n sáfà gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀, tí a kò sì lè gbọ́ ẹlẹ́rìí kejì títí ti àkọ́kọ́ yóò fi parí, kí ni àwọn olórí yòókù yóò máa ṣe? Wọn yóò jókòó máa wo ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwòrán ilé rí: òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì ni ń ṣe é, àwọn tí ó kù a máa sinmi. Ìgbà tí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ fi ọ̀dà àti ìmọ́lẹ̀ kun àwòrán náà kí ó dà bí fọ́tò nìkan ni gbogbo wọn ń rí iṣẹ́ ṣe.

Ohun kan wà tí sáfà ní, tí kọ̀ǹpútà ilé kì í sábà ní, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Òun ni ìṣọ́ orí RAM tí a ń pè ní ECC: bí àmì kan bá ṣèèṣì yí padà nínú ohun tí ẹ̀rọ ń rántí, yóò rí i, yóò sì tún un ṣe. Ní oṣù May ọdún 2003, nígbà ìdìbò ní Schaerbeek ní orílẹ̀-èdè Belgium, ẹ̀rọ ka ìbò 4,096 lé fún olùdíje kan, ó ju iye tí ó ṣeé ṣe lọ. A yẹ ẹ̀rọ náà wò, a kò rí àṣìṣe nínú ìlànà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì kẹtàlá nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, 4,096 géérégé ni iye rẹ̀. Wọ́n sì gbà pé àmì kan ṣoṣo yẹn ni ó yí padà, bóyá nípa ìtànṣán láti ojú ọ̀run. Ilé ìfowópamọ́ kò lè gba irú ewu bẹ́ẹ̀ láyè. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, yóò tún un tàn ni.

A bẹ ìyá náà kí wọ́n ka àkọlé ara ẹ̀rọ méjèèjì ránṣẹ́ sí wa. Xeon E5-2670 méjì ni ó wà nínú ńlá. Oṣù March ọdún 2012 ni Intel gbé e jáde: òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, òpin eré rẹ̀ 3.3 GHz, wáàtì 115 fún ọ̀kan, 230 fún méjèèjì. Core i3-12100 ti ọdún 2022 ni ó wà nínú kékeré: òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré, 4.3 GHz, wáàtì 60, tàbí 89 bí ó bá na tán. Láàárín ọdún mẹ́wàá wọ̀nyí a ti kọ́ òṣìṣẹ́ ní ọgbọ́n púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan ti ìsinsìnyí fi ń ṣe tó iṣẹ́ méjì ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó kù. Bátìrì ínfátà kan, 200Ah, ni wọ́n ń lò ní ilé náà lálẹ́. Bí a kò bá fẹ́ kí bátìrì náà tètè kú, kí a máa lo ìdajì agbára rẹ̀, ọpọlọ méjì ti Xeon yóò jẹ ìdajì yẹn tán ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún bí iṣẹ́ bá kún un lọ́wọ́, a kò sì tíì ka ojú rẹ̀ àti fáánù mọ́ ọn. Kékeré yóò lò ju wákàtí 13 lọ, kódà bí ó bá na tán. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù kò jìnnà sí Àjùwọ̀n, òun ni ó ń fa omi Odò Ògùn fún àwọn ará Èkó. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí baálé ilé tí ó gbé irú ẹ̀rọ afami bẹ́ẹ̀ sídìí kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé gbọ̀ngàn ìdánwò JAMB ni ìyá wa fẹ́ dá sílẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ dín ní 250, sáfà ni à bá ní kí wọ́n wá, kì í sì í ṣe ti ọdún 2012.

Èsì wa nìyí: Ìyá wa, ẹ ra èyí tí ó kéré. Ẹ bèèrè bí RAM rẹ̀ bá tó 16GB, àti bí ó bá jẹ́ SSD ni ó ń fi nǹkan pamọ́ sí. Kí ẹ tó ka owó sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣí iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà lójú oníṣòwò, kí ó sì yà á fún wákàtí kan. Ẹ gba ìwé owó. Wọ́n ti kọ̀wé padà pé wọ́n ti rà á, àti pé ọmọ náà kò tíì tújú ká, nítorí èyí tí ó gbórín ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́.