Ẹgbẹ̀rún Ẹsẹ̀ Bàtà Láàárín Wọn

Yàrá àwọn adarí bàálù náà tutù, iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Mo ti rò pé n ó bá fèrèsé gíláàsì tó dojú kọ pápákọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ilé gogoro ló ń fojú rí bàálù. Àwọn tí mo bá níbí, ní Ìkẹjà, bàálù tó wà lókè réré ni wọ́n ń darí, ojú radar ni wọ́n sì ti ń rí i: àmì wínníwínní kan, nọ́ńbà ọkọ̀ àti bó ṣe ga tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan nǹkan kan," ni obìnrin tí mo jókòó tì wí.

Bí ilé alájà púpọ̀ ni wọ́n ṣe pín òkè. Láti 29,000 ẹsẹ̀ bàtà dé 41,000, ẹgbẹ̀rún kan péré ló wà láàárín àjà kan sí èkejì. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ẹgbàá ni ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà, torí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ lókè níbẹ̀, wọn kò sì lè gbọ́kàn lé ẹ̀rọ tó ń wọn gíga ọkọ̀. Àjà méje ló wà nígbà náà. Ó ti di mẹ́tàlá báyìí.

Níṣojú mi, bàálù kan tó ń lọ sí ìlà oòrùn ní 35,000 tọrọ pé òun fẹ́ gòkè sí 37,000. Epo rẹ̀ ti jó, ó ti fúyẹ́, òkè ni yóò ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òmíràn ń bọ̀ lódìkejì ní 36,000. Obìnrin náà ní kó dúró ná. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń sáré 900 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú kan ni wọn yóò fi jẹ 30 kìlómítà tó wà láàárín wọn tán. Mo wo àmì méjèèjì títí ọ̀kan fi gun orí èkejì. Àyà mi já. Obìnrin náà kò mira. Ìgbà tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra, tí àyè tó, ló tó yọ̀ǹda. Awakọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Obìnrin náà tẹ́tí sí i ju bó ti tẹ́tí sí ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, torí àṣìgbọ́ nọ́ńbà kan tó láti pa ènìyàn.

Ọkàn mi lọ sí Ẹjìnrìn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1996, bàálù kan láti Port Harcourt ń bọ̀ lÉkòó nígbà tí òmíràn yọ sí i. Awakọ̀ yà fún un, ó yà kọjá agbára ọkọ̀, ó já lulẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn 144 ló kú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn. Bàálù méjèèjì kò kan ara wọn rárá.

Nígbà tí ẹni tó máa gbaṣẹ́ dé, obìnrin náà ka bàálù kọ̀ọ̀kan fún un kó tó dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn adarí bàálù pọ̀ tó, kí wọ́n sì máa sinmi tó.