Obìnrin Ni Ó Ń Ru Igbá Ọ̀ṣun

Àwọn àgbà a máa sọ ọ́ nínú ìtàn pé nígbà tí Olódùmarè rán irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún wá sí òde ayé, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin láàrin wọn. Àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ń dá ìgbìmọ̀ ṣe, wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Ni ohun gbogbo bá dàrú: òjò kò rọ̀, ẹbọ wọn kò fín. Ìgbà tí wọ́n tó lọ bẹ Ọ̀ṣun ni ayé tó tòrò.

Ìlú Òṣogbo kò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, àlejò a máa wọ́ wá síbẹ̀ láti ilé àti láti òkè òkun, títí kan Brazil àti Kúbà, láti wo ọdún Ọ̀ṣun. Wúndíá kan, tí a ń pè ní Arugbá, ni ojú gbogbo wọn máa ń wà lára rẹ̀. Ìdílé ọba ni a ti ń yàn án. Òun ni ó ń ru igbá ẹbọ ìlú láti ààfin Àtáọ́ja lọ sí etí odò, ìgbàgbọ́ ìlú sì ni pé kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Bí ọba ti tóbi tó, ọdún kò tí ì gún bí igbá kò bá dé odò. Ìyá Ọ̀ṣun sì ni olórí àwọn obìnrin tí ń bọ òrìṣà náà.

Obìnrin náà ni kò jẹ́ kí igbó Ọ̀ṣun parẹ́. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tún àwọn ojúbọ kọ́, wọ́n sì gbógun ti àwọn tí ń gé igi ibẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àdùnní kú ní ọdún 2009.

Ní ọdún 1983, Nike Davies-Okundaye dá ilé-ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kọ́ àdìrẹ láìsan owó. Ẹni tó mọ aṣọ í rẹ kò ní ṣe àìrí ohun tà fún àlejò.

Síbẹ̀, iṣẹ́ lọ́tọ̀, àṣẹ lọ́tọ̀. Obìnrin ń se oúnjẹ, ó ń ta aṣọ, ó ń gba àlejò sílé. Ṣùgbọ́n ta ni ń pinnu ibi tí ìsọ̀ yóò wà àti ohun tí a ó fi owó ẹnu ọ̀nà ṣe? Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ju ti owó lọ. Àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ń tọrọ ọmọ ni wọ́n ń bu omi náà mu. Bí a bá ń gbèrò lórí odò, igbó àti ìrìn-àjò afẹ́ tí a kò pe Ìyá Ọ̀ṣun àti àwọn ìyálọ́jà, àṣìṣe àwọn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni a tún ń ṣe.

Ẹni tí ó ru igbá dé odò yẹ ní ẹni tí a ó bi léèrè bí ọ̀nà ti rí.