Sílíkà Jẹ́ẹ̀lì àti Ìpamọ́ Irúgbìn

Ní ìlú Ìbà àti ní gbogbo agbègbè tí ó yí i ká, láti Ìkìrun dé Ìnísà àti Òkukù, àgbàdo àkọ́gbìn a máa gbó nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Oòrùn kì í sábà pẹ́ lójú ọ̀run ní àwọn oṣù náà, afẹ́fẹ́ pàápàá sì kún fún ọ̀rinrin. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ yan irúgbìn sọ́tọ̀ di ọdún tí ń bọ̀ ní láti wá ọ̀nà tí yóò fi gbẹ, nítorí pé irúgbìn tí ó tutù nínú yóò bu, tàbí kí kòkòrò jẹ ẹ́, tàbí kí ó kú láìjẹ́ pé ojú rí i. Ọjọ́ tí a bá gbìn ín tí kò hù ni olóko yóò tó mọ àdánù rẹ̀, àkókò ìgbìn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà kò fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Wọn a máa so àgbàdo tòun tèèpo rọ̀ sókè àjà lórí ààrò, kí ooru lè mú un gbẹ, kí èéfín sì lé kòkòrò. Wọn a sì máa po àwọn irúgbìn kan mọ́ eérú kí wọn tó kó o pamọ́. Ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé òde òní fi kún ọgbọ́n yìí ni sílíkà jẹ́ẹ̀lì, àwọn hóró kéékèèké inú àpò pélébé tí a ń bá nínú páálí bàtà titun àti nínú ìgò oògùn oníhóró.

Iyanrìn ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Sílíkà ni ó pọ̀ jù nínú iyanrìn funfun, irú èyí tí ó wà ní Ìgbókòdá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí a bá fi iná líle yọ́ iyanrìn bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ sódà, tí a sì yọ́ ọ sínú omi, tí a wá da ásíìdì sí i, yóò dì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ tí ń dì. A ó fọ̀ ọ́, a ó sì mú un gbẹ títí yóò fi di hóró líle tí ń dán bí gíláàsì. Ní 1919 ni Walter A. Patrick ti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tí a fi lè ṣe é lọ́pọ̀ yanturu.

Nígbà tí jẹ́ẹ̀lì náà ń gbẹ, omi tí ó jáde fi àìníye ihò tí ojú kò lè rí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe láti tẹ́ ojú gbogbo ihò inú gíráàmù 10 péré sílẹ̀, yóò fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Ara ògiri àwọn ihò wọ̀nyí ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń lẹ̀ mọ́. Níhìn-ín ni ó ti yàtọ̀ sí iyọ̀. Iyọ̀ pẹ̀lú a máa fa ọ̀rinrin nígbà òjò, ṣùgbọ́n yóò yọ́ di omi. Sílíkà jẹ́ẹ̀lì lè gba omi tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀, síbẹ̀ kí ó gbẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú. Bí ó bá yó, a lè fi ooru tí ó tó ìwọ̀n 120 ti Sẹ́ńtígíréèdì lé omi náà jáde, kí a sì tún un lò. Òmíràn wà tí a fi kóbáàtì pa láró: bí ó bá gbẹ, àwọ̀ aró ni; bí ó bá yó, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kóbáàtì yìí léwu, nítorí náà a kò gbọdọ̀ yan án nínú ìkòkò oúnjẹ, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Ẹni tí ó bá fẹ́ pa irúgbìn ilá tàbí ata mọ́ yóò wá ìgò tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin. Yóò wọn sílíkà jẹ́ẹ̀lì tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti irúgbìn náà, yóò dì í sínú aṣọ, yóò sì kó méjèèjì sínú ìgò fún nǹkan bí ọjọ́ 7 tàbí 8. Lẹ́yìn náà ni yóò kó irúgbìn náà sínú ìgò gbígbẹ mìíràn, tí yóò sì dé e. Bí ìgò bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta ni sílíkà náà yóò máa bá jà, yóò sì yó lásán. Iná tí ó bá gbóná jù a máa pa irúgbìn, ṣùgbọ́n èyí ń gbẹ ẹ́ láìsí iná rárá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Harrington, onímọ̀ irúgbìn ní Amẹ́ríkà, fi òfin kan lélẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí: láàárín ìdá 14 àti ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá kan tí ọ̀rinrin inú irúgbìn bá fi dín kù, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Gbígbẹ àti òtútù ni IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, fi ń pa oríṣi ẹ̀wà tí ó ju 15,000 lọ mọ́ láàyè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni ó fẹ́ gbígbẹ. Obì àti kòkó tí a fẹ́ gbìn yóò kú bí omi ara wọn bá gbẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ewé tútù wé obì, tí a sì ń gbin kòkó ní kété tí a bá ti yọ ọ́ nínú èso rẹ̀. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ tó na ọwọ́ sí ìgò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ irú irúgbìn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rinrin tí ń pa àgbàdo nínú àká ni ẹ̀mí obì nínú agbọ̀n.