Kọ̀ǹpútà kò mọ bí a ti ń ka ọrún: Ẹ kíyè sí i bí ẹ bá fẹ́ yan kàlẹ́ńdà

Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yé àwọn ọmọ Ògìdì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, dáadáa bí oṣù kẹfà ọdún bá ti ń sún mọ́lé, nítorí ìgbà náà ni ọdún iṣu titun wọn, tí ọmọ ìlú máa ń ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun wá sílé ṣe. Kí ọjọ́ náà tó pé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí yóò pè, ahunṣọ ní aṣọ òkè tí ó gbọ́dọ̀ parí, olóúnjẹ sì ní ọjà tí yóò ná. Ẹni tó gba owó aṣọ tó wá gbàgbé ọjọ́ tó dá, ẹ̀tẹ́ ló fi ń ra.

Ọ̀pọ̀ irú àwọn ènìyàn báyìí ló ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ nílé. Nítorí pé ẹ̀rọ náà ti dàgbà, àwọn kan ti fi Linux, tí a kì í sanwó fún, sí i. Kàlẹ́ńdà wo ló wá yẹ wọ́n? Evolution àti Thunderbird dára, ṣùgbọ́n lẹ́tà àti kàlẹ́ńdà ni wọ́n jọ ń gbé, wọ́n sì wúwo fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀.

Mẹ́ta ló fúyẹ́. Orage ni àkọ́kọ́. Ó ní ojú tí ènìyàn lè tẹ̀, ó sì bá Xfce mu. Ìkejì ni calcurse, tí a ń fi bọ́tìnnì nìkan darí, láìlo máòsì. Ìkẹta ni Remind, tí Dianne Skoll ti ilẹ̀ Kánádà ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Kò sí èyí tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Remind ló bá tiwa mu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ ni a ń kọ ọ́. Ìpàdé tó máa ń bọ́ sí Sátidé kẹta nínú oṣù, ìlà kan péré ni:

REM Sat 15 +7 MSG Ìpàdé ẹgbẹ́

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Sátidé tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kó sì ti máa ránni létí láti ọjọ́ méje ṣáájú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yóò ti ṣìnà ni ọjọ́ ọjà. Bí a bá ná ọjà lónìí, òní ni Yorùbá fi ń ṣe ọjọ́ kìíní, ìdí nìyí tí a fi ń pe ọjà tó tún ń bọ̀ ní ọrún. Kọ̀ǹpútà kì í ka òní mọ́ ọn. Ẹni tó bá kọ márùn-ún, ọjọ́ kejì ọjà ni yóò gbọ́ ìkìlọ̀, nígbà tí àtẹ ti tú. Mẹ́rin ni kó kọ:

REM 3 January 2026 *4 MSG Ọjà ọrún

Kí ẹ fi ọjọ́ tí ọjà yín bọ́ sí gan-an rọ́pò ọjọ́ yìí. Fún ìsán, ẹ kọ 8. Fún ìpàdé ìtàdógún, ẹ kọ 16. Òfin kan náà ló wà lórí fóònù.

Ìṣòro iná wá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tó kú kò lè pariwo. Ìdí nìyí tí +7 yẹn fi ṣe pàtàkì: ọjọ́ tí iná bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà, tí ẹ sì ṣí Remind, ẹ óò bá ìrántí náà níbẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ènìyàn kì í fura sí. Bátìrì kékeré tó rí bíi kọ́ìnì wà nínú ẹ̀rọ, òun ló ń pa aago mọ́ bí kò bá sí iná. Nínú tòkunbọ̀, ó sábà máa ń ti kú. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, tí ó ń sọ ọdún tó ti kọjá tipẹ́, tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò tún un ṣe, kò sí kàlẹ́ńdà tí kò ní purọ́ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì náà, kí ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yan kàlẹ́ńdà.